Ọwọ́ Àgbà ní Tòpó

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbàlagbà Tòpó, létí ọ̀sà Àgbádárìgì, kò ní ohun èlò tí à ń lọ rà ní ìsọ̀. Ohun tó bá já bọ́ lórí igi àgbọn, ohun tó bá hù létí omi àti ohun tí ilé bá ti lò gbó ni wọ́n fi ń ṣe é. Imọ̀ àgbọn ń di ìgbálẹ̀, koríko etí ọ̀sà ń di ẹní, ìró tó ti gbó ń di òṣùká, sílípáàsì tó já ń di ohun tó ń gbé àwọ̀n léfòó lójú omi. Àwọn tó ń ṣe é ti kọjá ọjọ́ orí ọkọ̀ wíwà àti ẹrù rírù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọjá ọjọ́ orí tí ilé ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Èrò tí ará ìlú ńlá máa ń gbé lọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ fún arúgbó, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ilé ìtọ́jú àgbàlagbà inú fíìmù òyìnbó: tábìlì gígùn, bébà aláràbarà, gúlúù, àlùmọ́gàjí, ìlẹ̀kẹ̀ oníke, àti ọmọbìnrin kan tó ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá tó rí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sín. Kí ilẹ̀ ṣáà ti ṣú ni ète rẹ̀. Nínú ilé tiwa gan-an, ọmọ tó láájò jù ni ẹni tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ìrìn-àjò sí Tòpó ń da èrò méjèèjì rú, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ojúde ilé àkọ́kọ́.

Orúkọ Tòpó ti pẹ́ nínú ìwé. Ní 1876 ni àwọn àlùfáà Àgùdà ẹgbẹ́ SMA, tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ Faransé, dá oko ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbọn ló wá lókìkí jù nínú ohun ọ̀gbìn wọn. Nígbà tó di 1973, ìjọba àpapọ̀ dá ASCON sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kọ́ nípa ìṣàkóso, Tòpó náà ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èyí tí kò ṣeé gbójú fò. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní láti fẹ̀yìn tì bó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí bó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń darí ilé iṣẹ́ nínú ọgbà yẹn ti mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá tó ń ya ewé àgbọn ní agbo ilé tí kò jìnnà sí wọn kò mọ ọjọ́ tirẹ̀, kò sì béèrè.

Àárọ̀ ló dára jù láti dé. Àlejò tó ti Ìbàdàn wá yóò kọ́kọ́ rí ilẹ̀: yanrìn ni, ipa ìgbálẹ̀ sì hàn lórí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí kúkúrú, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, imọ̀ àgbọn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlejò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ó ní, "Kwabọ̀, kwabọ̀," ó wá bọ́ sí Yorùbá tí ìró Ògù, èdè ìbílẹ̀ Àgbádárìgì, ṣì ń dún nínú rẹ̀: "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Wọ́n gbé omi wá. Kí omi náà tó tán nínú ife, ìyá ti ti imọ̀ kan síwájú àlejò. "Ẹ máa bá mi já a. Ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ kò sọ̀rọ̀."

Ní Ìbàdàn, àga, omi àti oúnjẹ ni ti àlejò. Onílé tó bá gbé iṣẹ́ fún un ti tàbùkù ara rẹ̀. Nínú agbo ilé yìí, ẹni tí wọn kò fún níṣẹ́ ni wọn kò tíì gbà wọlé. Èdè méjì ló sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ń fi Ògù bá aya ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹja tó wà lórí iná, ó ń fi Yorùbá bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí owó ọkọ̀, kò sì dàrú mọ́ ọn lójú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń fi Yorùbá dá a lóhùn nígbà tó bá fi Ògù pè wọ́n. Ó ṣàkíyèsí pé àlejò ṣàkíyèsí, ó ní, "Wọ́n ń gbọ́ o. Ẹnu wọn ni kò fẹ́."

Ìgbálẹ̀ àgbọn kò ṣòro. Ewé kọ̀ọ̀kan lára imọ̀ ní ọ̀pá tín-ín-rín kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọn á já ewé náà, wọn á fi ọ̀bẹ kékeré ya apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ kúrò láti ìdí dé ṣónṣó, títí ọ̀pá yóò fi kù ní òun nìkan. Imọ̀ tó já fúnra rẹ̀ ti gbẹ, nítorí náà wọ́n máa ń wọ́n omi sí i kí ewé rẹ̀ tó gba ọ̀bẹ. Èyí tí àwọn tó ń gun àgbọn gé lulẹ̀ ní tútù kò nílò omi. Lẹ́yìn náà ni oòrùn. Bó bá ti gbẹ tán, wọn á kó o jọ, wọn á gbá ìdí rẹ̀ nílẹ̀ kí ó dọ́gba, wọn á sì fi okùn tàbí àjákù aṣọ dì í pinpin. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí àwọn ará òkè mọ̀ rọ̀, inú ilé ló dára fún. Ti àgbọn gùn, ó sì le. Yanrìn ni wọ́n dá a fún.

Ìyá náà kì í wo ọ̀bẹ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àtàǹpàkò ló fi ń mọ ibi tí ewé pin sí àti ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe àlejò nìkan ló ń rí, etí ló sì fi ń rí i: bí ọ̀pá bá dá, a máa ró. Ohun tó mú iṣẹ́ yìí bá arúgbó mu nìyẹn, pé ìka ń darí rẹ̀ dípò ojú, pé a lè dá a dúró nígbàkigbà kí a tún mú un níbi tí a ti fi í sílẹ̀, àti pé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó bàjẹ́ kò ba ìdì bàjẹ́. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ẹnìkan ń dúró de ìgbálẹ̀ náà. Bí sáà tuntun bá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ a máa ní kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ òbí ni yóò sì rántí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdì ìgbálẹ̀ mélòó kan wà lórí àjà rẹ̀ tí ń retí àwọn òbí wọ̀nyẹn, kò sì sí èyí tó fẹ́ ta ní ẹ̀dínwó nínú wọn.

Oúnjẹ ọ̀sán dé lórí àwo kan ṣoṣo: gàrí tí wọ́n fi omi tútù rẹ, àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹja yíyan tí òórùn èéfín rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ títí di alẹ́. Ẹ̀pà àti ṣúgà ni ará Ìbàdàn fi ń mu gàrí. Níbí, àgbọn nìkan ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní alẹ́, amìwọ̀ ni, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò nínú omi ọbẹ̀ tòmátì àti epo, tí wọ́n tún ń jẹ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní ilẹ̀ Benin, ní òdìkejì ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àmàlà ń dúró de ọbẹ̀ kó tó di oúnjẹ. Amìwọ̀ ti gbé ọbẹ̀ rẹ̀ wá láti inú ìkòkò. Ẹni tó fẹ́ràn gbẹ̀gìrì lè má gbà fún un lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì yóò yàtọ̀.

Kò sí ohun tí wọ́n kó dànù lẹ́yìn oúnjẹ náà. Èèpo òde àgbọn lọ sí ìdí iná tí wọ́n fi ń yan ẹja. Èèpo líle inú rẹ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Èyí tó bá là sí méjì gbọọgba ni bàbá àgbà kan mú sápá kan. Àfọ́kù ìgò ló fi ń fá ìta rẹ̀ títí yóò fi dán, yanrìn tútù ló sì fi ń bó inú rẹ̀. Ife ni yóò dà, tàbí ohun tí wọ́n fi ń bu omi nínú àmù, bí wọ́n bá ki igi bọ̀ ọ́. Àfọ́kù ìgò yẹn kì í ṣe ohun èlò tí ènìyàn yóò gbé fún arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà ń lò yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ jáde. Ibi kan tún wà tí àwọn alágbọn ibòmíràn ti ṣáájú Tòpó. Ní Kerala, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, wọ́n ń rẹ èèpo òde àgbọn sínú ọ̀sà fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi rọ̀, wọn á lù ú, wọn á sì fi okùn inú rẹ̀ ṣe ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rà. Ọ̀sà wà ní Tòpó, èèpo sì wà. Iná ni wọ́n ń fi í dá.

Àwọn ọkùnrin kì í jókòó sójúde. Ẹni tó mọ àgbọn kì í sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, nítorí àgbọn kì í kìlọ̀ kó tó já. Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ bò, bàbá kan tó ti fi òkun sílẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ di etí àwọ̀n mú kó lè le, ó mú abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n wé okùn sí nínú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú pẹlẹbẹ ọparun kan lọ́wọ́ òsì. Pẹlẹbẹ yìí ni òṣùwọ̀n: ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá kí kókó tó wọ ibi tó yẹ. Bí òṣùwọ̀n bá ti wà, ojú kò tún ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Sílípáàsì rọ́bà tó já àti fóòmù funfun inú páálí ẹ̀rọ ni wọ́n gé tí wọ́n so mọ́ okùn òkè kó lè léfòó. Òjé ló wà nísàlẹ̀.

Àwọn Ògù nìkan kọ́ ló ń pẹja létíkun yìí. Àwọn Ìlàjẹ wà níbẹ̀, àwọn Ewe tó ti Kétà ní ilẹ̀ Gáànà wá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oníkálùkù pẹ̀lú irú àwọ̀n tó mọ̀ ọ́n lò. Bàbá yìí ń tún ti gbogbo wọn ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àwọ̀n tó fàya wá, ó ní ẹja ńlá ló fà á ya. Bàbá na ojú ihò náà láàárín ìka méjì, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Ẹja wo? Kùkùté ni. O dà á sí ibi tí mo ní kí o má dà á sí." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò jiyàn. Àtúnṣe àwọ̀n kò gba agbára. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá gbà lábẹ́ àtíbàbà yẹn ju àwọ̀n lọ, wọ́n sì mọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní sọ ọ́ jáde.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń wé okùn sí abẹ́rẹ́ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìka bàbá ti nípọn, làkúrègbé ti mú oríkèé méjì nínú wọn, kò lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ tó há. Ọmọ náà lè ki okùn bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ ń tú. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Kò sí ẹni tó pè é ní ètò kankan, kò sì sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé òun ń bá bàbá àgbà ṣeré.

Ẹní ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù, òun náà ló sì kó ẹnu jọ jù. Wọ́n ń gé koríko gígùn inú àbàtà etí ọ̀sà, wọ́n ń sá a, wọ́n ń ṣà á ní gígùn sí gígùn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n ń wọ àbàtà, nítorí ẹrẹ̀ kò mọ arúgbó. Bí koríko bá ti gbẹ tán ni ó di ti àwọn ìyá. Nínú agbo ilé kan, ìyá méjì jókòó sí etí ẹní kan náà, wọ́n kọjú síra. Ọ̀kan ń tò ó, èkejì ń fi okùn dè é. Èyí tó ń tò ó ti ní àrùn tó mú ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń lò; ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ń yára tàbí ń falẹ̀ gẹ́gẹ́ bó bá ti rí i, láìwí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni ti ọkùnrin kan tó jẹ ọ̀kan nínú wọn lówó láti ìgbà tí ọjà ṣì dára.

Ẹní oníke ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ó ṣeé fọ̀, ó tètè ń gbẹ, ó lè pẹ́ nínú òjò, kò sì wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé ẹní koríko dára jù ú ní gbogbo ọ̀nà kò sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹní oníke ń gbóná mọ́ ara lóru, Àgbádárìgì kì í sì í ṣe ìlú tí ooru rẹ̀ ṣeé fi ṣeré nígbà tí iná bá lọ. Àwọn ìyá méjèèjì mọ ẹni tó ń ra tiwọn: àwọn arúgbó bíi tiwọn tí wọn kò lè sùn sórí oníke, àti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́ ẹ fún ìnáwó ìyàwó. Wọn kò ṣe ju èyí tí ọjà yìí gbà lọ. Ẹní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kékeré tí wọ́n ń ṣe báyìí, tó mọ ní ìwọ̀n ìjókòó ẹnìkan, jẹ́ ọgbọ́n tuntun tí ọmọ ìyá kan tó ń gbé Èkó dá fún wọn, ó sì ń tà ju ńlá lọ. Ó tún yá parí, ẹ̀yìn kì í sì í ro ẹni tó ń ṣe é tó ti àtẹ̀yìnwá.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀ràn yìí rí bẹ́ẹ̀ gan-an nínú àpótí àwọn ìyá Tòpó. Ìró tó ti fàya, búláòsì ọmọ tó ti dàgbà, ankárá ìnáwó tí ọdún rẹ̀ ti pẹ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ń ya á ní ìlà-ìlà, fífẹ̀ ìka méjì, wọ́n ń di í ní mẹ́ta-mẹ́ta bí irun, wọ́n ń ká a yípo bí òṣùká. Bí yípo náà bá kéré, òṣùká ni lóòótọ́, fún àwọn ọmọbìnrin tó ń ru ẹja lọ sọ́jà. Bó bá gbòòrò, wọn á fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú àwọ̀n gan an pọ̀, ó di ìnusẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Tòpó ní, èyí ló rọrùn jù láti gbé lọ sí ibòmíràn. Kò gba ọ̀bẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ojú, kò sì sí ilé Yorùbá kan, ní Ìbàdàn tàbí ní London, tí kò ní àkísà.

Àwọn ọmọ ènìyàn dúdú tí wọ́n kó kúrò ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ti fi irú iṣẹ́ yìí dé ibi tí ojú gbogbo ayé wà. Ní Gee's Bend, abúlé kan ní Alabama, àwọn ìyá ń fi àkísà aṣọ iṣẹ́ oko rán aṣọ ìbora kí òtútù má bàa pa ọmọ wọn; ní 2002 ni wọ́n kó àwọn aṣọ wọ̀nyẹn lọ pàtẹ sí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ní Houston àti ní New York, ní 2006 sì ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹpù. Ní Mount Pleasant, ní South Carolina, àwọn Gullah ṣì ń fi koríko etíkun hun apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tà létí títì, ọwọ́ ṣíbí tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò ni àwọn mìíràn sì fi ń la ojú koríko kí okùn lè kọjá. Kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú so ibi méjèèjì mọ́ Àgbádárìgì ní tààrà. Ohun tó dájú ni pé kò sí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú wọn láti fi pa ọjọ́. Òtútù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ìrẹsì tí wọ́n ní láti fẹ́ lóko ẹrú ló bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Kókó tí ìrìn-àjò yìí ń dá lé lórí nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ fún arúgbó ní orúkọ rere nínú ìmọ̀ ìṣègùn tipẹ́. Ní 1917 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, láti máa fi iṣẹ́ ṣe ìwòsàn, apẹ̀rẹ̀ híhun sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ológun tó ti ogun bọ̀. Nàìjíríà náà ti ṣe òfin kan ní 2017 tó dá ibùdó àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó, ọjọ́ òmìnira wa gan-an, nítorí náà ọ̀págun ló máa ń gba gbogbo ojú lọ́jọ́ náà. Ibi tí àwọn tó ń ṣètò irú nǹkan báyìí ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí arúgbó lè ṣe. Tòpó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ilé ń fẹ́, ó wá ń wo apá tí ọwọ́ arúgbó lè gbà nínú rẹ̀. Ìyá tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ mọ̀ bí wọn yóò bá tú u dànù lálẹ́. Kò sí ìpàtẹ́wọ́ tó lè fi ìyẹn pa mọ́ fún un.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo dára. Àwọn àpótí tí wọ́n ń jókòó lé kúrú jù fún orúnkún ẹni àádọ́rin ọdún. Àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ lè tẹ ilẹ̀ láti orí rẹ̀, yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìrora púpọ̀. Èéfín ìdí ẹja ń ba ojú tó ti rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ebi wà nílé, kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ dùn, ẹni tó bá fi ẹwà bo èyí mọ́lẹ̀ ń purọ́ fún ara rẹ̀. Ìyá onígbálẹ̀ sọ ọ́ láìfi bò, nígbà tí àlejò béèrè bóyá ó wù ú kó sinmi: "Kí n sinmi kí n jẹ kí ni?" Ó dákẹ́, ó já ewé kan sí i, ó wá ní, "Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé oúnjẹ wá, kí ni kí n máa fi ọwọ́ ṣe?" Ìdáhùn méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, èkíní kò sì pa èkejì rẹ́.

Ìbéèrè kan kò rí ìdáhùn. Ní alẹ́, Sangbétò, eégún òru àwọn Ògù, jáde, òkìtì ìko tó ga ju ènìyàn lọ, tó ń yí bírí-bírí lórí yanrìn. Ìko púpọ̀ báyẹn, wọ́n ní láti ṣà á, kí wọ́n dì í, kí wọ́n tò ó ní ìpele-ìpele. Àlejò béèrè lọ́wọ́ bàbá aláwọ̀n bóyá àwọn àgbà ló ń ṣe é. Bàbá wo òkun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó béèrè bóyá ẹja wọ́n ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ ìlọkúrò bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ọjà Àgbálátà, ní Àgbádárìgì, ni ohun tí ọwọ́ àgbà ṣe ti ń pàdé ohun tí ẹ̀rọ ṣe, lórí ilẹ̀ kan náà: ìgbálẹ̀ àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì oníke, ẹní koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní aláwòrán òdòdó. Àwọn ọmọ ọmọ ló ń tà á, owó ń padà sí abẹ́ ìró ìyá àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ owó ìwé àti owó oògùn. Ó burú pé àwọn oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n ra ẹní oníke láìná an, ni wọ́n ń ná ẹní koríko dé ìdajì owó rẹ̀, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé arúgbó ló ṣe é àti pé koríko lásán ni. Kí ẹni tó bá ń lọ sí Àgbádárìgì rántí pé koríko yẹn ti rí àbàtà, oòrùn àti ọwọ́ ènìyàn méjì kó tó dé ọjà. Kí ó san iye tí wọ́n bá pè é.